Ẹ Ń Lo Oògùn Àìbalẹ̀ Ọkàn, Ẹ Sì Fẹ́ Fi Skúbà Mòòkùn? Bí Ẹ Ṣe Máa Ṣe É Rèé

Kubwa ni mo ń gbé, sertraline 50 mg ni mo máa ń gbé mì láràárọ̀, mo sì ti fi skúbà (ìyẹn ni kéèyàn gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn kó lè máa mí lábẹ́ omi) mòòkùn ní Zanzibar àti nínú Òkun Pupa lọ́dọ̀ àwọn ará Íjíbítì. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn torí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ní Abuja níbí ló ti bi mí bóyá ẹni tó ń lo oògùn àìbalẹ̀ ọkàn lè wọ abẹ́ omi, tí wọ́n bá sì ń bi mí, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé wọ́n jí nǹkan. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Àwọn kan lè wọ̀ ọ́, àwọn kan ò gbọ́dọ̀ dán an wò, àwọn kan sì máa ní láti ní sùúrù fún oṣù mélòó kan ná. Èmi kì í ṣe dọ́kítà o, ohun tí mo kọ síbí ni ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn dọ́kítà àti àwọn tó kọ́ mi ní ìmòòkùn, àti ohun tí ojú èmi fúnra mi rí, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ orúkọ oògùn yín

Ẹ mú páálí oògùn náà wá síwájú yín. Orúkọ ńlá tó wà lókè, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló fún un, èyí tí wọ́n fi lẹ́tà kéékèèké kọ sábẹ́ ẹ̀ ni oògùn gan-an, òun ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní "èyí tí mo máa ń rà ní kẹ́míìsì Wuse, tó máa ń jẹ́ kí n sùn", kò tíì tó ohun tí dọ́kítà lè fi ṣiṣẹ́.

Tó bá jẹ́ diazepam tá a mọ̀ sí Valium, bromazepam tá a mọ̀ sí Lexotan, lorazepam, tàbí alprazolam tá a mọ̀ sí Xanax, ẹ má mòòkùn. Kò sí àmọ́ níbẹ̀. Àwọn oògùn yìí máa ń dẹ ọpọlọ lára, ọkàn á balẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà á falẹ̀, ìrònú á falẹ̀, èèyàn á máa tòògbé láìmọ̀. Lórí ilẹ̀ ẹ lè jókòó jẹ́jẹ́ títí á fi kúrò lójú yín. Lábẹ́ omi ńkọ́? Afẹ́fẹ́ tó wà nínú sìlíńdà tẹ́ ẹ gbé kọ́ ẹ̀yìn, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ẹ̀ ni nitrogen, tẹ́ ẹ bá sì ti fi mítà 10 lọ sísàlẹ̀, ohun tó ń tẹ ara yín ti di ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀, ní mítà 20 ó ti di mẹ́ta, ní mítà 30 ó ti di mẹ́rin. Nitrogen tó bá wọ ara níbi tó jìn bẹ́ẹ̀ máa ń pa èèyàn bí ọtí. Ẹni tó ti gbé Lexotan mì kó tó débẹ̀ dà bí ẹni tó ti mu ẹmu yó tí wọ́n tún wá bu ògógóró fún. Kò ní rántí wo iye afẹ́fẹ́ tó kù, kò sì ní mọ̀ pé òun ò rántí.

Àwọn míì á ní alẹ́ àná làwọn lò ó, pé ó ti lọ lára. Kò lọ bẹ́ẹ̀ yẹn. Diazepam lè lo ọjọ́ mélòó kan kó tó jáde tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù bàálù ni mo ń bá sọ jù, ẹni tó bá gbé irú oògùn yìí mì ní éápọ́ọ̀tù Abuja kó lè sùn dé Cairo, kó má fi òkun sí ètò ọjọ́ kejì ẹ̀ rárá, kó ti bi dọ́kítà kó tó kúrò nílé pé ọjọ́ mélòó lòun máa fi sinmi.

Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ da oògùn yẹn nù torí pé ẹ fẹ́ lọ sókun. Ẹni tó ti ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó bá ṣàdédé dá a dúró, ara ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, oorun á dá lójú ẹ̀, àyà ẹ̀ á máa já ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gìrì pàápàá lè gbé e. Èyí tó bá gbé e lórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn ará ilé á dúró tì í. Èyí tó bá gbé e lábẹ́ omi, régúlétọ̀, ohun tá a fi sẹ́nu láti máa mí afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà, á bọ́ lẹ́nu ẹ̀, omi á sì wọlé. Dọ́kítà ló máa ń bá èèyàn dín in kù díẹ̀díẹ̀. Òkun ò ní gbẹ kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Sertraline, escitalopram, fluoxetine, paroxetine àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ dọ́kítà tó mọ̀ nípa ìmòòkùn máa ń gbà kí ẹni tó ń lo ẹyọ kan péré nínú wọn wọ omi, tí ara ẹ̀ bá ti gbà á dáadáa, tí kò sì ní lọ jìn jù. Kì í ṣe pé wọn ò lè fa nǹkan kan o, wọ́n lè fa òòyì, wọ́n lè fa oorun, ẹ̀jẹ̀ lè má tètè dá lójú ọgbẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń wo èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì dá àwọn náà dúró lójijì, pàápàá paroxetine, orí á máa fò yín lọ.

Propranolol, èyí tí àwọn kan máa ń lò kí ọwọ́ wọn má gbọ̀n tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú èrò, ó máa ń di ọkàn mú kó má sáré, bẹ́ẹ̀ tí ìṣàn omi bá ń gbé yín lọ, ẹ nílò kí ọkàn yẹn sáré. Ó tún burú fún ẹni tó ní ikọ́ fée. Amitriptyline máa ń pa èèyàn lójú sùn, ó sì lè da ìlù ọkàn rú. Bupropion lè fa gìrì. Ẹni tó bá ń lo ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí, kó gbà pé kò sí ìmòòkùn àfi tí dọ́kítà tó mọ ọ̀rọ̀ omi bá sọ nǹkan míì fún un.

Ẹ kọ àwọn tẹ́ ò kà sí oògùn náà sílẹ̀. Piriton tẹ́ ẹ fi ń lé kátá ọyẹ́ máa ń kun èèyàn lóorun. Phenergan tí wọ́n máa ń fún èèyàn kó má bì nínú ọkọ̀ ojú omi, oorun ni òun náà. Tramadol, tó ti ba ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́ ní apá Àríwá níbí, ó lè fa gìrì fúnra ẹ̀, tó bá tún wá pàdé sertraline, ewu ńlá ni. Mefloquine tí wọ́n fi ń dènà ibà máa ń fa òòyì àti ìpayà, kò sì yẹ kí òmòòkùn lò ó. Àti goro. Mo fẹ́ràn goro, àwọn aládùúgbò mi tó jẹ́ Hausa ló kọ́ mi, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú kọfí ló wà nínú ẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí àyà ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa lù kìkì, ẹ fi sílẹ̀ títí ẹ ó fi kúrò lómi.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ jẹ́ kí oṣù mẹ́ta kọjá

Oṣù mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ dọ́kítà máa ń bèèrè, ó kéré tán, kẹ́ ẹ ti wà lórí oògùn kan náà, ìwọ̀n kan náà, kí ara yín sì ti balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sertraline, àyà tiẹ̀ lè máa já sí i ni, ìyẹn kì í ṣe ìgbà òkun.

Oògùn nìkan kọ́ ni wọ́n sì ń wò. Àìsàn tó wà nídìí ẹ̀ wúwo ju oògùn lọ. Ẹ bi ara yín ní òótọ́ inú: ìgbà wo ni ìpayà gbé mi kẹ́yìn? Ibo ni mo wà? Ṣé ó máa ń gbé mi tí mo bá wà níbi tó há? Ẹni tí àyà ẹ̀ ń já nínú lífìtì, ẹni tí kò lè fi nǹkan bo imú, ẹni tí ìpayà ṣì gbé lóṣù tó kọjá nínú gosiló Nyanya tó fi ṣílẹ̀kùn mọ́tò bọ́ sílẹ̀, abẹ́ omi ò ní ilẹ̀kùn tó máa ṣí. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Mo ti dúró fún ju oṣù mẹ́ta lọ fúnra mi, ó sì dùn mí nígbà yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: dọ́kítà, kì í ṣe kẹ́míìsì

Ẹ lọ bá ẹni tó ń kọ oògùn fún yín. Tẹ́ ò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ló júwe oògùn fún yín, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó wà ní Gwagwalada ní àwọn dọ́kítà ọpọlọ, Kaduna náà ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ ọpọlọ ní Barnawa. Mo mọ̀ pé àwọn ará ilé wa tí wọ́n bá gbọ́ orúkọ yẹn, wọ́n á ní wèrè nìkan ló ń lọ síbẹ̀. Wọn ò mọ̀ ni, ẹ má dá wọn lóhùn.

Ọ̀pọ̀ dọ́kítà níhìn-ín kò tíì rí ẹni tó ń mòòkùn rí, ìyẹn ò burú. Fọ́ọ̀mù ìlera tí ilé ẹ̀kọ́ ìmòòkùn ń lò ní apá kan tí dọ́kítà máa buwọ́ lù, àlàyé wà tó ń bá a rìn tó ṣe fún dọ́kítà nìkan, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kẹ́ ẹ mú un lọ. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: ṣé oògùn yìí lè fa oorun tàbí òòyì fún èmi? Ṣé ó lè fa gìrì? Tí mo bá wà lábẹ́ omi tí nǹkan sì dàrú, ṣé mo lè ronú kí n sì gba ara mi àti ẹni tá a jọ wọlé sílẹ̀? Ìkẹta yẹn ṣe pàtàkì, torí ẹ̀mí ẹlòmíì wà lọ́wọ́ yín níbẹ̀ o. Divers Alert Network náà wà, iṣẹ́ wọn ni láti gba àwọn òmòòkùn nímọ̀ràn lórí ìlera, dọ́kítà yín lè kàn sí wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ má purọ́ lórí fọ́ọ̀mù

Fọ́ọ̀mù yẹn máa bi yín bóyá ẹ ń lo oògùn tí dọ́kítà kọ, á bi yín bóyá ẹ ti gba ìtọ́jú nítorí ọpọlọ, á dárúkọ ìpayà gan-an. Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ mòòkùn, mi ò tíì pé oṣù kan lórí oògùn. Ẹni tó gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ wa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ní ká kàn kọ "rárá" sí gbogbo ẹ̀, pé ẹni tó bá kọ "bẹ́ẹ̀ ni" máa lọ wá dọ́kítà, ọkọ̀ ojú omi á sì fi í sílẹ̀. Mo ti sanwó, mo ti wá láti ọ̀nà jíjìn, mo kọ rárá. Nígbà tá a dé nǹkan bíi mítà 9, omi wọ inú máàsìkì mi, kò tiẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ó kan mi nímú, àyà mi já, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, ó ń ṣe mí bíi pé afẹ́fẹ́ ti tán bẹ́ẹ̀ sìlíńdà mi ṣì kún, ni mo bá fẹsẹ̀ ta omi kí n sáré gòkè. Ọkùnrin tá a jọ wà níbẹ̀ gbá mi lẹ́sẹ̀ mú. Ó rò pé etí ló ń dùn mí. Kò mọ ohun tó ń ṣe mí, torí pé mi ò jẹ́ kó mọ̀.

Afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ bá mí sínú ní mítà 10 máa di ìlọ́po méjì kó tó dókè. Ẹni tó bá há èémí mọ́ àyà tó sì sáré gòkè, ẹ̀dọ̀fóóró ẹ̀ lè fà ya, kí afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Kò tiẹ̀ ní láti jìn, mítà kan àbọ̀ péré ti tó. Ohun tí mo fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà nìyẹn. Tí mo bá ti kọ "bẹ́ẹ̀ ni", wọn ì bá ti ní kí n padà wá lóṣù mélòó kan sí i, mà á bínú, mà á sunkún bóyá, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Torí náà, ẹ gba fọ́ọ̀mù yẹn láti Abuja níbí, kì í ṣe láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wọ omi. Tẹ́ ẹ bá gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, kò sí ọkọ̀ tó máa fi yín sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ní kẹ́ ẹ purọ́, ẹ gba owó yín padà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: púùlù kí òkun tó kàn

Ẹ wá olùkọ́ tó níwèé ẹ̀rí, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ nínú púùlù tẹ́ ẹ lè dìde dúró nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ń lo oògùn. Ẹ jókòó sísàlẹ̀ púùlù, ẹ bu omi sínú máàsìkì, ẹ fẹ́ ẹ jáde, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀ogún, títí kò fi ní já yín láyà mọ́. Ẹ yọ régúlétọ̀ lẹ́nu, ẹ rọra máa tú ìfófòó jáde, ẹ wá a padà. Ẹ kọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa fa èémí sínú kẹ́ ẹ ka mẹ́rin, kẹ́ ẹ tú u síta kẹ́ ẹ ka mẹ́fà, ẹ má sì há a mọ́ àyà láé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe ti máàsìkì nìkan.

Ẹ má lo Usuma tàbí àwọn adágún tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀ ní Jos bí ibi ìdánrawò o. Usuma, omi tí ìlú ń mu ni. Àwọn adágún Jos, ojú ò ríran nínú wọn, òkè sì ni Jos, ó ju mítà 1,000 lọ sókè òkun, ìṣirò ìmòòkùn tí wọ́n kọ́ yín fún òkun, ìyẹn bẹ́ ẹ ṣe lè jìn tó àti bẹ́ ẹ ṣe lè pẹ́ tó lábẹ́ omi, ò bá ibẹ̀ mu. Abuja pàápàá ju mítà 300 lọ, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìṣirò ti orí òkè.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bẹ́ ẹ ṣe máa gbé oògùn rìn

Ẹ fi oògùn sínú páálí ẹ̀, kó wà nínú báàgì ọwọ́, kí lẹ́tà dọ́kítà wà pẹ̀lú ẹ̀, kó sì lé ní iye ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lò díẹ̀. Íjíbítì kì í fi ọ̀rọ̀ oògùn ṣeré rárá, pàápàá tramadol àti àwọn oògùn oorun, tiwa náà níbí ní NDLEA tó ń yẹ báàgì wò. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé tiẹ̀.

Ọjọ́ tó dé

Ẹ lo oògùn yín ní àkókò tẹ́ ẹ máa ń lò ó. Ẹ sùn dáadáa, ẹ mu omi, ẹ má fẹnu kan ọtí tàbí àgbo tí wọ́n fi ọtí ṣe láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹni tó bá ń gba ààwẹ̀, kó fi ti ìmòòkùn sílẹ̀ di ẹ̀yìn ọdún, omi ara tó gbẹ kò dáa fún nitrogen tó fẹ́ jáde lára. Tẹ́ ẹ bá jí tí ara ò sì ṣe yín bó ṣe yẹ, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò lọ, kò sí ẹni tó lè fi agbára mú yín. Ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ máa gbà yín láyè dé mítà 18, ẹ má kọjá mítà 12 fún ìgbà mélòó kan àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì fi mítà 30 sílẹ̀ pátápátá títí dọ́kítà á fi sọ pé ó tó.

Ẹ sọ fún ẹnìkejì yín lórí ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré ni: "Mo ń lo oògùn nítorí àìbalẹ̀ ọkàn, tí ojú mi bá ràn tí mo sì ń mí kíákíá, di apá mi mú, jẹ́ kí n máa wò ọ́." Kẹ́ ẹ tún jọ wo àmì ọwọ́ dáadáa, torí àwa, tá a bá na àtàǹpàkò sókè, ó dáa là ń sọ, lábẹ́ omi "ẹ jẹ́ ká gòkè" ni. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ara òun le, àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ló máa fi ṣe òrùka.

Tí ìpayà bá wá dé

Ẹ dúró lójú kan. Ẹ di nǹkan mú, okùn ọkọ̀, apá ẹnìkejì, kì í ṣe ìyùn inú òkun. Ẹ tú èémí síta kó gùn, ìtújáde ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, torí mímí gúlegúle yẹn ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó yẹ kẹ́ ẹ mí síta ṣẹ́ kù sínú, òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé afẹ́fẹ́ ò tó, bẹ́ẹ̀ ló tó. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń tú u jáde sí ni irọ́ yẹn máa kúrò. Ẹ wo géèjì, kẹ́ ẹ fi ojú ara yín rí i pé afẹ́fẹ́ ṣì wà. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ pẹrẹsẹ, kó dojú kọ ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ máa yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ìyẹn ni pé nǹkan kan ò dáa. Èémí mẹ́wàá. Tí kò bá rọlẹ̀, ẹ jọ gòkè díẹ̀díẹ̀, kó má ju mítà 9 ní ìṣẹ́jú kan, tó bá ṣeé ṣe kẹ́ ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta ní mítà 5. Ọjọ́ yẹn ti parí nìyẹn, ẹ má padà wọlé torí pé ojú ń tì yín.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá jáde

Ẹ má wọ bàálù kí wákàtí 18 tó kọjá tẹ́ ẹ bá mòòkùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Èyí tó máa ń bà mí lẹ́rù jù fún àwa tá a ní àìsàn yìí ni pé, ara tó ń rìn bí ẹni pé èèrà wà níbẹ̀, òòyì, èémí tí kò délẹ̀, àyà tó ń dunni, a ti mọ gbogbo ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ilé la ti mọ̀ ọ́n, a máa ń sọ fún ara wa pé ìpayà tiwa náà ni, á lọ. Lẹ́yìn ìmòòkùn, nitrogen tó ń hó nínú ara lè ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an, ẹ̀dọ̀fóóró tó ya lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má ṣe jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé àyà yín ló ń já, kẹ́ ẹ má sì sọ ọ́ fún ara yín. Tó bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan lẹ́yìn tẹ́ ẹ jáde, ẹ sọ fún àwọn ọlọ́kọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n fi ọ́síjìn sí yín nímú, kí wọ́n gbé yín lọ bá dọ́kítà, kẹ́ ẹ sì dárúkọ oògùn yín fún un kó tó bèèrè.